Aláró Òṣogbo ni mí, mo fẹ́ lọ Yúróòpù nígbà àkọ́kọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ mi wá.

Iṣẹ́ aró ni mo ń ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ̀wé nípa àdìrẹ ẹlẹ́kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí a ṣe ń se ẹ̀kọ láfún, bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ilà sára aṣọ, ohun tí Ìbàdàndùn jẹ́ àti ohun tí Olókun jẹ́, àwọn ọnà tí a ń yà sára aṣọ. Ibẹ̀ ni èmi àti obìnrin mẹ́ta kan ti mọra, àwọn náà ń kọ̀wé nípa aṣọ. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ní Vienna, olú ìlú Ọ́stríà. Ọ̀kan jẹ́ ará Jámánì, Bayreuth ló ń gbé, ewé ló fi ń pa aṣọ láró. Ẹ̀kẹta ń hunṣọ ní Nẹ́dálándì. A máa ń ka iṣẹ́ ara wa, a sì máa ń bára wa tún un ṣe. Nígbà tí bàbá mi papò dà, àwọn ni wọ́n bá mi jí títí ilẹ̀ fi mọ́, lórí fóònù. Ṣùgbọ́n a ò tíì fojú kanra rí.

Wọ́n ní kí n wá ní oṣù Kẹwàá. Vienna la ó ti kọ́kọ́ pàdé. A ó lọ sí Krems, ìlú mìíràn ní Ọ́stríà, níbi tí wọ́n kó iṣẹ́ Susanne Wenger, ọmọ Ọ́stríà oníṣẹ́ ọnà tó di Àdùnní Olórìṣà wa ní Òṣogbo, pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà a ó kọjá sí Iwalewahaus ní Bayreuth, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí Ulli Beier, ará Jámánì tó ti gbé Òṣogbo rí, dá sílẹ̀ ní 1981. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo á mọ ìdí tí oorun ò fi kun ojú mi mọ́. Nígbà tí màmá mi wà lọ́mọdé, iwájú ilé Àdùnní ní òpópónà Ìbòkun ni wọ́n máa ń gbà kọjá. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú wa, lójú àwọn ìyá wa, ló wà lọ́hùn-ún, èmi ò sì rí i rí.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Orílẹ̀-èdè wo ni kí n ti gba físà, nígbà tó jẹ́ pé ibi méjì ni mò ń lọ? Éjẹ́ǹtì kan ní òun á kó mílíọ̀nù márùn-ún náírà sínú àkáǹtì mi fún oṣù kan kí wọ́n lè rí i pé mo lówó, kí n san díẹ̀ fún òun lórí ẹ̀. Ṣé ó dáa kí n sùn nílé ẹni tí mi ò rí rí? Mo tún fẹ́ kó ogún àdìrẹ dání kí n tà á lọ́hùn-ún, kí owó ọkọ̀ lè padà sápò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Bọ̀dá Hamburg:

Ìyá Aláró, ẹ kú ìmúra. Ọdún kẹrìnlá mi rèé níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú.

Ọ́stríà àti Jámánì wà nínú orílẹ̀-èdè 29 tí wọ́n jọ ń lo físà kan ṣoṣo, Schengen là ń pè é. Ibi tí ẹ ó ti pẹ́ jù lọ ni ẹ ó ti gbà á. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ní Ọ́stríà, mẹ́rin ní Jámánì, Ọ́stríà ni. Tí ọjọ́ bá dọ́gba, ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ẹlòmíràn á gba ti ibi tó gbọ́ pé ó rọrùn, á wá lọ lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ níbòmíràn, ìyẹn ló ń kó bá wọn. Ilé iṣẹ́ aṣojú Ọ́stríà wà ní Àbújá. Ẹ rántí pé ìlú ọba ò sí lára 29 yìí o, ẹ má ṣètò pé ẹ ó yà kí ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù.

Owó físà fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò láti oṣù Kẹfà 2024. Bí wọn ò bá tiẹ̀ fún yín ní físà, wọn kì í dá a padà. Ẹ lè gbé ìwé yín wọlé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 ó kéré tán. Ẹ má dúró di ọjọ́ 15 yẹn, torí wọ́n lè fi ọjọ́ 45 yẹ̀ ẹ́ wò nígbà mìíràn. Pásípọ́ọ̀tù yín gbọ́dọ̀ ní oṣù mẹ́ta nínú lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbí, ó kéré tán kí ojú ìwé méjì ṣófo nínú rẹ̀. Ínṣọ́ránsì ìrìnàjò tó tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn jẹ́ dandan.

Ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Vienna lè lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àlejò, kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ni òun máa gbọ́ bùkátà yín. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un ni ẹ ó kọ sínú ìwé yín. Àmọ́ tí ẹ bá jẹ gbèsè nílé ìwòsàn lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n máa mú, kí ẹ mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣe fún yín kì í ṣe kékeré.

Ní ti aṣọ títà: ẹ má ṣe é. Físà àbẹ̀wò ò fún yín láṣẹ òwò. Ẹ̀bùn àti ohun ìlò tara ẹni tí kò ju 430 yúrò lọ lè bá ẹni tó wọ báálù wọlé láìsan owó ibodè. Tí wọ́n bá ṣí àpótí yín tí wọ́n bá ogún aṣọ tuntun pẹ̀lú iye owó lára wọn, ọ̀rọ̀ á di ti ọjà.

Tíṣà, Ẹdẹ:

Ìyá Aláró, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gba owó éjẹ́ǹtì yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi nìyẹn.

Ọdún méjì sẹ́yìn, mo fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìsọmọlórúkọ. Ẹnì kan gbé mílíọ̀nù mẹ́rin wọnú àkáǹtì mi ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí ìgbà tí mo tẹ ìwé báńkì. Gbogbo oṣù tó ṣáájú, owó oṣù mi ló ń wọlé, owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ ló ń jáde. Ẹ wá wo ìwé náà: náírà ẹgbẹ̀rún díẹ̀, náírà ẹgbẹ̀rún díẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin! Ọmọdé tó mọ ìṣirò á béèrè ibi tó ti wá. Wọ́n dá ìwé mi padà, wọ́n sàmì sí i pé àlàyé mi nípa ìrìnàjò náà ò ṣeé gbára lé. Mo sunkún lójú títì, kì í ṣe nítorí owó, nítorí pé òótọ́ ni mò ń lọ ṣe ìsọmọlórúkọ, irọ́ kan ṣoṣo ló wá sọ òótọ́ náà di irọ́.

Ìgbà kejì, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ìwé báńkì oṣù mẹ́fà bó ṣe rí gan-an, lẹ́tà ilé ìwé pé wọ́n fún mi láàyè ìsinmi àti ọjọ́ tí mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwé àlájẹṣẹ́kù wa, lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fún mi.

Ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ lè fi hàn. Tí ẹ bá ti forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ mú ìwé ẹ̀ wá. Rìsíìtì tẹ́rù, aṣọ funfun yẹn, àti sódà tí ẹ rà, àwòrán ìkòkò aró yín, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláró. Ẹ kọ lẹ́tà tiyín, ojú ìwé kan, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún wa yìí gan-an: pé iṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo wà ní Krems àti Bayreuth, pé aláró Òṣogbo fẹ́ fojú rí i, pé àwọn ọmọ yín àti ilé aró yín ń dúró dè yín. Ẹ kọ̀wé sí ilé méjèèjì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bi wọ́n bóyá iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wò wà níta lásìkò náà tàbí inú yàrá ìpamọ́. Èsì wọn gan-an á gbe ìwé yín lẹ́sẹ̀.

Alhaja, Ìgbóǹnà:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilé tí o fẹ́ sùn ló jẹ mí lógún. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n inú ìwé lẹ ti mọra. Ní kí ó fi fídíò mú ọ rìn káàkiri ilé náà, kí o rí yàrá tí o máa sùn, kí o kí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ ò bá mọ̀ pé ò ń bọ̀, kò yẹ kí o débẹ̀. Kọ àdírẹ́sì náà fún màmá rẹ àti fún ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin. Tọ́jú owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì sọ́tọ̀ tí o ò ní fọwọ́ kàn, tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ tí ara rẹ ò gbà á, o ò ní tìtorí àìlówó jókòó síbẹ̀. 112 ni nọ́ńbà tí èèyàn ń pè fún pàjáwìrì ní gbogbo Yúróòpù níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Má jẹ́ kí wọ́n ná gbogbo owó lórí rẹ o. Àlejò tó bá wọlé tó bá sọ pé òun fẹ́ se ọbẹ̀ lónìí, ilé á fẹ́ràn ẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọge, Ìlobùú:

Mo lọ tọ́jú ọmọ fún ọmọ mi obìnrin ní Graz, ní Ọ́stríà, lọ́dún tó kọjá. Ẹran, ẹ má gbé e o! Wọn kì í gba ẹran àti wàrà wọlé láti ìta, pọ̀nmọ́ náà ẹran ni. Wọ́n kó gbogbo ẹran díndín mi dànù níbi àyẹ̀wò, ẹran tí mo fi odindi ọ̀sán dín. Ẹja gbígbẹ ò níṣòro, gàrí mi àti èlùbọ́ mi kọjá. Ewé tútù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìjọba, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti di ewé elú sínú àpótí fún ọ̀rẹ́ yín.

Òtútù oṣù Kẹwàá ń wọ egungun. Ẹ má ra kóòtù ńlá ní Nàìjíríà, òkìrìkà tiwọn wà lọ́hùn-ún, ó dára, ó sì dínwó. Ẹ kàn gbé súwẹ́tà kan àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání fún ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀. Kí ẹ sì kó òrí dání fún ètè.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ohun kan tún kù tí ojú ń tì mí láti sọ. Nígbà tí mo lọ ya pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀rọ tí a ń tẹ ìka sí ò mú mẹ́rin nínú ìka mi. Sódà ti jẹ orí ìka mi, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ fi aṣọ nù ún, ó fẹ́ ẹ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òwúrọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n ní ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà ni wọ́n ń gbà fún físà. Ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́?

Aláró Ìtòkú, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ìka gbogbo wa nìyẹn. Ẹ fi sódà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹlòmíràn máa bá yín rẹ aṣọ. Lálaalẹ́, ẹ fi òrí ra ìka yín, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ sùn. Ilà ọwọ́ máa ń hù padà, mo rí i lọ́wọ́ ara mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má fi òrí sí i rárá, ẹ kàn fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́.

Bọ̀dá Hamburg:

Òfin wọn pàápàá mọ̀ pé irú ẹ̀ wà. Ìka tó bá ṣeé tẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún wọn, kí ẹ na ọwọ́ yín sí wọn, aró tó wà léèékánná á jẹ́rìí. Bí wọ́n bá sì ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè lò ó fún físà mìíràn títí oṣù 59.

Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀:

Àǹtí, mo lọ fún oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tó lọ tààrà láti Vienna sí Nuremberg, ibẹ̀ lẹ ó ti wọ òmíràn lọ Bayreuth. Bí ẹ bá tètè rà á, owó rẹ̀ máa ń dínkù gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kí físà jáde ná. Ní Vienna, kò sí géètì níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí ẹ tó wọlé. Ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tì, kí ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ ní Sátidé. Aago wọn á fi wákàtí kan ṣáájú tiwa títí di Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, láti ìgbà náà aago wa dọ́gba, ẹ lè pe màmá yín láìṣírò.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo:

Mo ti pe éjẹ́ǹtì náà, mo ní mi ò ṣe mọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ní Ọ́stríà, mẹ́rin ní Bayreuth, Àbújá ni mo máa gbé ìwé mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi ti Vienna ti fi fídíò mú mi rìn káàkiri ilé rẹ̀ lánàá, ọkọ rẹ̀ kí mi, ọmọ wọn kékeré kúnlẹ̀ fún mi nínú fóònù. Mo lọ sọ fún màmá mi, wọ́n kàn ń mi orí.

Ogún aṣọ ti di mẹ́rin. Mẹ́ta ti jinná nínú aró, Ìbàdàndùn ni wọ́n, ọ̀rẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin ni mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí. Èmi àti màmá mi la jọ fa ilà rẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀ ṣùgbọ́n ilà wọn tọ́ ju tèmi lọ. Ẹ̀kọ ti gbẹ sí i lára. A ò ní rẹ ẹ́. Funfun bẹ́ẹ̀ ni mo máa ká a sórí igi kan, kí ẹ̀kọ má fi já, mo máa gbé e dé Bayreuth, inú ìkòkò aró ti ọ̀rẹ́ mi lọ́hùn-ún ni a ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ bọ omi.