Ọjọ́ tí gìrì kò mú eku kankan

Bí ẹ ṣe ń sọ ìtàn ìdánwò tiyín tó forí ṣánpọ́n yìí, ó jẹ́ kí tèmi náà wá sí mi lọ́kàn. Oṣù mẹ́jọ la fi ṣe ìnsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tó jẹ́ àtọwọ́dá lápá kan. Okùn méjì ló wà nínú ìnsúlínì: okùn A ní ámínò ásíìdì 21, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó so pọ̀ di okùn, okùn B ní 30. Ara ìnsúlínì màlúù la ti yọ okùn A. Okùn B, àwa la fọwọ́ ara wa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ti ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe odindi ní 1965, ìyẹn ló kì wá láyà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí a bá da okùn méjèèjì pọ̀, imí ọjọ́ inú wọn lè so mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹ̀rọ á ní ìwọ̀n rẹ̀ pé, síbẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ nínú ara. Ìdí nìyẹn tó fi kan eku: bí ìnsúlínì bá ń ṣiṣẹ́, á mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku tó gbààwẹ̀ lọ sílẹ̀ títí gìrì á fi mú un.

Mo gún àwọn eku funfun lábẹ́rẹ́: agbo kan gba tiwa, agbo kejì gba ojúlówó tí a fi ń díwọ̀n, agbo kẹta gba omi iyọ̀ lásán. Mo kó wọn sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo jókòó tì wọ́n. Wákàtí kan ààbọ̀ kọjá, gbogbo wọn ṣì ń rìn kiri, wọ́n ń fínmú. Omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá mi wọlé, wọn ò tilẹ̀ wo agbo tiwa. Wọ́n ní, "Àwọn tó gba ojúlówó ńkọ́?" Mo ní, "Gìrì ò mú àwọn náà, mà." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú ìsàlẹ̀ àgò tí àwọn eku náà sùn sí, ni wọ́n bá rí èérún oúnjẹ. Àwọn eku tó yẹ kó gbààwẹ̀ ti jẹun mọ́jú, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè lọ sílẹ̀ tó. Ìdánwò yẹn kò dúró rárá. A ò tíì mọ nǹkan kan nípa ìnsúlínì wa.

Nígbà tí a tún un ṣe, èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ àgò. Kò pé wákàtí kan tí eku kan nínú agbo tiwa fò sókè, ó ṣubú, ó na gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò lè yọ̀ tán, torí ìyà ń jẹ ẹ́ lójú mi. Mo sáré gún un ní glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ó dìde, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ibẹ̀ ló ti dá mi lójú pé ìnsúlínì ni. Májèlé ì bá ṣe é, glúkóòsì kò ní gbé e dìde.

A ka iye tí gìrì mú ní agbo kọ̀ọ̀kan, a sì rí i pé agbára tiwa kò tó ti ojúlówó. Àwọn okùn tó so gbòdì ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a padà lọ yọ́ ọ mọ́.