Báwo ni mo ṣe lè fi àwòrán sátẹ́láìtì pín omi oko wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa àgbẹ̀ mélòó kan ń fi ẹ̀rọ fa omi odò Ògùn sí oko ẹ̀fọ́ wa, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Bí ẹ̀rùn bá mú, àwọn ará òkè á fa omi débi pé kì í kan àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Mo ti ń wo àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2, ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ 5-5 ló ń kọjá. Mo rí ibi tí ewé ti tutù yọ̀yọ̀ àti ibi tó ti ń rọ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe lè ti ibẹ̀ mọ iye omi tí oko kọ̀ọ̀kan nílò lọ́sẹ̀? Ṣé kí n fi àwòrán Landsat, sátẹ́láìtì mìíràn tó ń wo ooru ilẹ̀, kún un? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.