Ta ló ń san owó ọkọ̀ jù nínú wa? Ẹ sọ ohun tójú yín rí

Wọkọ̀ Mẹ́ta: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń ṣe, iye kan náà la ń gbà lóṣù. Ìtòsí ibi iṣẹ́ ló ń gbé, ọkọ̀ kan péré ló ń wọ̀. Èmi wà lẹ́yìn odi ìlú, torí ibẹ̀ ni owó ilé ti rọjú. Mo wọ ọkọ̀ dé oríta, mo sọ̀, mo wọ òmíràn, mo tún sọ̀, mo wọ ẹ̀kẹta. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀, owó tuntun ni, bí ẹni pé mi ò tíì sanwó látàárọ̀. Lóṣù tó kọjá, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù mi ni ọkọ̀ gbà. Owó tí mo rò pé mo ti dá sí lórí ilé, ọkọ̀ ti kó o lọ. Kí lẹ̀yin náà ń rí?

Ìyá Ìbejì: Tìrẹ tiẹ̀ sàn, ọ̀nà rẹ jìn. Ọ̀nà tèmi ò jìn rárá. Mo máa kọ́kọ́ já àwọn ọmọ sílé ìwé, mo máa wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa yà mú wọn, mo máa yà sọ́jà, ká tó forí lé ilé. Bàbá wọn wọ ọ̀kan lọ, ó wọ ọ̀kan bọ̀, ọ̀nà tirẹ̀ sì jìn ju tèmi lọ. Síbẹ̀, ohun tí mò ń san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀. Sísọ̀ àti wíwọ̀ yẹn ni wọ́n ń gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lánàá, kọ́ńdọ́ tún ní kí n sanwó àwọn ọmọ.

Olóòótọ́: Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ọmọ tó bá ti gba àga yẹ kó sanwó.

Ìyá Ìbejì: Ọdún márùn-ún. Wọn ò gba àga kankan. Orí itan mi ni àwọn méjèèjì wà, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri ká tó débẹ̀.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Olóòótọ́, ṣé ìwọ ti gbé ọmọ méjì lé itan nínú ọkọ̀ tó kún rí?

Olóòótọ́: Ẹ má bínú sà. Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé orí itan ni.

Ọmọ Awakọ̀: Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló le, mo mọ̀. Àmọ́ awakọ̀ ni bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Alaalẹ́ ló ń jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀, iye yẹn kì í sì í dín, èrò ì báà wà, èrò ì báà má sí. Epo ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Tí táyà bá bẹ́, òun náà ni. Ìyókù ló ń gbé wálé. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró títí ọkọ̀ á fi kún. Ìdí nìyẹn tó fi ń gé ọ̀nà sí méjì tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, tó máa já èrò sáàárín ọ̀nà tí á sì tún gba owó tuntun. Kò dáa, mo ti bá a sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n mo rántí bí alẹ́ ṣe máa ń rí nílé wa lọ́jọ́ tí kò bá gé e.

Wọkọ̀ Mẹ́ta: Ọ̀nà gígé yẹn gan-an ló ń pa mí! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú òjò ni wọ́n já wa sí. Mi ò bá bàbá wa jà o. Ẹni tó bá ní kó jíṣẹ́ iye yẹn lálẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru: Ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní káàdì oṣù. Ó dín owó kù dáadáa, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa san gbogbo ẹ̀. Tí mo bá ti yọ owó ilé kúrò nínú owó oṣù, kí ló kù tí mo fẹ́ fi ra káàdì? Àwọn dókítà ń ra káàdì, èmi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́. Kó tó di ìparí oṣù, owó tí mo san ti ju tiwọn lọ. Ó máa ń dùn mí wọra. Èmi tí mi ò ní ni wọ́n ń tà á wọ́n fún.

Ẹṣin Funfun: Òdodo ọ̀rọ̀ ni Nọ́ọ̀sì sọ yìí. Èmi náà rí i.

Ará Òkèèrè: Nọ́ọ̀sì, ní London, o máa fi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ló ń ka ìrìn rẹ. Tí owó tó o san lójúmọ́ bá ti dé iye kan, kò ní yọ kún un mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó tún ń ka ti ọ̀sẹ̀, láti Ajé dé Àìkú. O ò ní láti kó owó kankan sílẹ̀ kó tó ṣe ẹ́ lóore. Ti Wọkọ̀ Mẹ́ta náà wà ńbẹ̀: láti oṣù Kẹsàn-án 2016, tó o bá ti sanwó bọ́ọ̀sì kan, bọ́ọ̀sì kejì tó o bá wọ̀ láàárín wákàtí kan ò gbowó. Nígbà tó di 2018, wọ́n ní kó o wọ iye tó bá wù ẹ́ láàárín wákàtí yẹn. Bọ́ọ̀sì àti tíráàmù nìkan ni o, kò kan ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ. Ẹni tí ò ní káàdì ńkọ́?

Ará Òkèèrè: Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Láti oṣù Keje 2014 ni àwọn bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò ti gba owó lọ́wọ́ èèyàn mọ́.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, kì í ṣe ìlú yẹn. Owó wà lọ́wọ́ mi, mo nà án sí awakọ̀, ó ní àwọn kì í gbà á. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn. Ọmọdébìnrin kan ló fi káàdì tirẹ̀ sanwó fún mi, kò sì gba owó tí mo fún un. Mo ti ń sanwó ọkọ̀ kí wọ́n tó bí awakọ̀ yẹn. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì tán lára mi.

Olóòótọ́: Àmọ́ owó ọwọ́ ló ń fa ìjà ṣéńjì, sà. Kọ́ńdọ́ kan so mí pọ̀ mọ́ ẹni méjì tí mi ò mọ̀ rí, ó fún wa ní owó kan ṣoṣo, ó ní ká lọ pín in. A wà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Kí wọ́n gba méjèèjì. Kí ló le níbẹ̀?

Ará Òkèèrè: Màmá Ìbejì, tiyín dà bí ti Seoul, olú ìlú South Korea. Láti 2004, gígùn ìrìn rẹ lápapọ̀ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀sì lo kọ́kọ́ wọ̀ kó o tó bọ́ sí ọkọ̀ ojú irin, ìrìn kan ni wọ́n máa kà á sí, tó o bá ti tètè wọ èyí tó kàn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé ìyẹn wá fún mi lónìí!

Wọkọ̀ Mẹ́ta: Ẹ dúró ná. Tó bá jẹ́ gígùn ọ̀nà ni wọ́n ń wò, èmi tí mò ń bọ̀ láti ẹ̀yìn odi ni màá san jù. Kì í ṣe pé ọ̀nà jíjìn wù mí. Owó ilé ló lé mi débẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kí èmi tí mi ò rìn jìnnà wá máa bá ẹ san tìrẹ?

Wọkọ̀ Mẹ́ta: Kò rí bẹ́ẹ̀, mà. Kí wọ́n ka ìrìn pọ̀ bí ẹ ṣe wí, kí wọ́n sì fi ààlà sí i, kó má ṣe kọjá iye kan bó ti wù kó jìn tó.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn gún régé. Mo gbà.

Ẹṣin Funfun: Kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, kí gbogbo wa sinmi. Luxembourg ṣe é ní 2020, jákèjádò orílẹ̀-èdè wọn.

Ọmọ Awakọ̀: Ta ló máa san ti bàbá mi?

Ẹṣin Funfun: Ìjọba. Owó orí wa ni.

Ará Òkèèrè: Tallinn, olú ìlú Estonia, náà ń ṣe é láti 2013, àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ará ìlú náà nìkan ló wà fún.

Wọkọ̀ Mẹ́ta: Mi ò sí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn odi ni mo wà.

Nọ́ọ̀sì Òru: Ọ̀fẹ́ tí kò bá wá lóru kò kàn mí. Tí mo bá parí iṣẹ́ ní ìdájí, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ wà.

Ohùn Kan: Gbogbo ariwo yìí lórí owó díẹ̀ díẹ̀?

Bàbá Fẹ̀yìntì: 30 pesos péré ni wọ́n fi kún owó ọkọ̀ ojú irin ní Santiago, olú ìlú Chile, ní oṣù Kẹwàá 2019. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ ń fo géètì, kó tó di pé gbogbo Chile gbóná. Wọ́n dá owó náà padà sí bó ṣe wà. Díẹ̀ lójú ẹni tó ní ni.

Ọmọ Awakọ̀: Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí bàbá mi lálẹ́ yìí. Ó ní tí wọ́n bá lè máa fún òun lówó oṣù, òun ò ní gé ọ̀nà mọ́ láé. Ó tún ní kí Ìyá Ìbejì máa gbé àwọn ọmọ yẹn síwájú lọ́dọ̀ òun, òun ò ní gbowó wọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Ọ̀nà wo ni bàbá ń ná?