Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìjábọ̀ owó ìjọba lórí bọ́ọ̀sì inú ọgbà ìgbafẹ́

Ìyá Ìbejì Lúgbè
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Àbújá níbí ni mò ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó wọn. Ìjọba fún wa lówó ìrànwọ́ pé ká fi ra bọ́ọ̀sì kékeré méjì tí yóò máa gbé àlejò kiri inú ọgbà ìgbafẹ́ kan, kí kálukú má baà máa wa mọ́tò tirẹ̀ wọbẹ̀. (Ọgbà ìgbafẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe páàkì tí wọ́n ti ń pariwo "Ńyáńyá, ẹnì kan ló kù!")

Ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ti tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù. Wọ́n ń béèrè iye èèyàn tí bọ́ọ̀sì gbé, iye tá a ná, àti ibi tí iṣẹ́ dé. Wàhálà wá ni pé bọ́ọ̀sì kejì dùbúlẹ̀ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Dẹ́rẹ́bà ò ka èrò rárá ní oṣù àkọ́kọ́. Nígbà tí epo wọ́n, ọwọ́ àwọn búńbúrútù, àwọn tó ń ta epo lẹ́bàá títì, la ti rà á nínú jálá. Ta ló fẹ́ já rìsíìtì fún wa níbẹ̀? Ọ̀gá mi ní kí n kọ iye tó bá ṣáà ti bójú mu. Ara mi ò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́nà, mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Dẹ́rẹ́bà Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Àǹtí, ẹ má dá dẹ́rẹ́bà yẹn lẹ́bi o. Ṣé ẹ fún un ní ìwé àti bírò lọ́jọ́ tí ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́?

Onígbàgbọ́ Kàdúná
Ta ló fẹ́ ka ìjábọ̀ yẹn? Inú dúrọ́ọ̀ ló ń lọ. Kọ ẹgbẹ̀rún méjì, kó o sùn dáadáa.

Bàbá Gwarinpa
Ọmọ mi, má gbọ́ tẹni tó wà lókè yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ akáńtì fún ìjọba àpapọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Abala 85 nínú ìwé òfin 1999 gbé àyẹ̀wò owó ìlú lé Ọ̀dítọ̀ Àgbà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ọ́fíìsì tó fún yín lówó, fáìlì yín ni ọ́fíìsì yẹn yóò kọ́kọ́ wá.

Rìsíìtì nìkan kọ́ ni ọ̀dítọ̀ tó mọṣẹ́ ń wò. Yóò ka mítà ọkọ̀, yóò pín in sí iye lítà epo. Mo rí i rí pẹ̀lú ojú ara mi: ọkọ̀ kan wà lórí búlọ́ọ̀kù, kò ní táyà kankan lẹ́sẹ̀, ewéko ti ń hù lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti kọ lítà ogójì epo sí i lọ́rùn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Akọ̀wé tó fọwọ́ sí i ló dáhùn, kì í ṣe ọ̀gá tó rán an.

Epo búńbúrútù yẹn, ìwé ẹ̀rí tá a máa ń pè ní honour certificate la fi ń gbè é láyé tiwa: ọjọ́ tí ẹ rà á, iye lítà, iye owó, ìdí tí kò fi sí rìsíìtì, ìfọwọ́sí ẹni tó rà á àti ti ọ̀gá rẹ̀. Bi ọ́fíìsì tó fún yín lówó bóyá wọ́n ń gbà á. Kí o tó ṣe ohunkóhun, ka ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí.

Ará Utah
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò jìnnà sí Zion, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà níbí. Láti ọdún 2000 ni bọ́ọ̀sì ti ń gbé àlejò kiri ibẹ̀, torí mọ́tò pọ̀ débi pé kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́. Ní 2005, òfin kan dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ Sẹ́nétọ̀ Paul Sarbanes ni wọ́n sì wá fi pè é. Òfin mìíràn ti fòpin sí i ní 2012, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bi àwọn tó gba owó náà nígbà náà lè là yín lójú. Èèyàn mélòó ló wọ ọgbà lọ́dún? Mélòó ló wọ bọ́ọ̀sì? Ìrìn mọ́tò mélòó ni bọ́ọ̀sì rọ́pò? Eélòó ló ń náni lórí èrò kan?

Ìkẹta yẹn kò le. Ká ní èèyàn 600 wọ bọ́ọ̀sì, tí mọ́tò kan sì máa ń gbé èèyàn 3 wá, ìrìn mọ́tò 200 lẹ mú kúrò lójú ọ̀nà.

Fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n fi ń jábọ̀ owó ìjọba níbí. Ti owó, tí wọ́n ń pè ní SF-425, ń béèrè èyí tí ẹ gbà, èyí tí ẹ ti ná, àti gbèsè tó wà nílẹ̀ tí ẹ ò tíì san. Owó mẹkáníìkì yín, abẹ́ gbèsè yẹn ló máa bọ́ sí bí ẹ ò bá tíì san án. Fọ́ọ̀mù kejì jẹ́ ti iṣẹ́: ọjọ́ tí ẹ ní ẹ máa parí, ibi tí ẹ dé, ohun tó fà á sẹ́yìn, ọjọ́ tuntun. Bọ́ọ̀sì tó dùbúlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ṣáà kọ ọ́. Wọ́n sì ń pa ìwé wọn mọ́ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìjábọ̀ owó tó gbẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì Lúgbè
Bàbá, ẹ ṣé gan-an, sà. Ará Utah, Ọlọ́run á bù kún yín. Oṣù àkọ́kọ́ tí wọn ò kà ńkọ́?

Bàbá Gwarinpa
Kọ ọ́ pé ẹ ò kà á. Bí ẹ bá rí ọ̀nà fojú bù ú, ẹ kọ "ìfojúbù" sí i, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti rí i. Ṣé ẹ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì?

Dẹ́rẹ́bà Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Tí wọ́n bá ń já tíkẹ́ẹ̀tì, kùkùté rẹ̀ á wà lọ́wọ́ máígàdì. Àwa ò kì í da nǹkan nù.

Ìyá Ìbejì Lúgbè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta)
Ẹ kú àdúrótì o. Òótọ́ ni dẹ́rẹ́bà wí! Àpò ìrẹsì kan kún fún kùkùté tíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ibùsùn máígàdì, ó ti fi rọ́bà dì wọ́n lóṣooṣù. Mo fi iye tó wọ bọ́ọ̀sì ní oṣù kejì àti ìkẹta wéra pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì oṣù méjèèjì, mo fi ìyẹn fojú bu oṣù àkọ́kọ́, mo sì kọ "ìfojúbù" gàdàgbà sí i. Ọ̀gá mi lejú mọ́ mi. Mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó bá fẹ́ síbẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí n fi tèmi ránṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìwé tí mo fún dẹ́rẹ́bà, tí òróró ẹ́ńjìnnì ti kùn lára, ó ti ń fa igi mẹ́rin mẹ́rin sí i, tó bá di márùn-ún á fi ọ̀kan dá a lágbede. Ní ọjọ́ Sunday kan ó kọ: "Èèyàn 41, àgùntàn 1." Ṣé kí n yọ àgùntàn náà?

Bàbá Gwarinpa
Má yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀. Má kà á mọ́ èrò.

Dẹ́rẹ́bà Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ṣùgbọ́n ó sanwó ọkọ̀ àbí kò san?