Ìyàwó mi ò fẹ́ gbé ọmọ, health visitor sì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀

Bàbá Ìkókó, Leeds
Ẹ kú àárín òru o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dárí jì mí pé irú àsìkò yìí ni mò ń kọ̀wé. Ọmọ wa pé ọjọ́ 22 lónìí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi kì í sùn, bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Tí ọmọ bá ké, á kọjú sí ògiri, á ní, "Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, èmi kọ́ ni mo yẹ kí n jẹ́ ìyá rẹ̀." Físà ìyá ìyàwó mi ò jáde. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ ti tán. Health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ìyá àti ọmọ wò nílé, ń padà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù oníbèéèrè. Màmá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí òyìnbó gbọ́, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Kí ni ká sọ?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Bàbá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo mọ fọ́ọ̀mù yẹn. Ìbéèrè 10 ni, lórí bí ara ẹni ṣe rí láàárín ọjọ́ 7. Ìyá mi wà lórí fóònù nígbà tí mò ń kọ ọ́, wọ́n ní kí n ṣọ́ ẹnu mi. Mo fàmì sí ibi tó dára jù lọ látòkè délẹ̀. Obìnrin náà yìn mí, ó kọ ọ́ sínú ìwé pupa tí wọ́n ń kọ ìlera àwọn ọmọ sí pé ara ìyá le. Ó jáde, mo lọ sí kíṣìnnì, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ọkọ mi má baà gbọ́ ẹkún mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣí omi yẹn. Àwọn ìbejì mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín àkókò náà, n ò rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Mo gbọ́, àbúrò mi, ó ká mi lára. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú fáìlì níbí kì í parẹ́. Mo mọ ìdílé kan tí social worker, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọ, wá kan ilẹ̀kùn wọn. Ẹ sọ díẹ̀, ẹ fi díẹ̀ pamọ́.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣé torí pé ìyá ọmọ ní inú òun ò dùn ni wọ́n ṣe wá, àbí torí nǹkan mìíràn?

Ẹ̀gbọ́n Peckham
N ò bi wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ ò bi wọ́n, ẹ wá fi í dẹ́rù ba ẹni tí kò tíì sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì, Sheffield
Ẹ fún mi láyè. Wọ́ọ̀dù abiyamọ ni iṣẹ́ mi.

Bàbá Ìkókó, ẹ dá mi lóhùn ná. Nígbà tó ní òun kọ́ ló yẹ kó jẹ́ ìyá rẹ̀, ṣé àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, àbí ó gbà lóòótọ́ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun? Ṣé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹ̀yin ò gbọ́? Ṣé ó ti sọ pé òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ léṣe? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, báyìí. Àwọn bàbá wa mọ abísínwín kí á tó débí, wọn ò sì fi ṣeré.

Bàbá Ìkókó, Leeds
Rárá, Àǹtí. Ó ní ọmọ náà dára, òun ni òun ò dára tó. Kò sọ̀rọ̀ ìpalára.

Nọ́ọ̀sì, Sheffield
A dúpẹ́. Síbẹ̀, ẹ má dúró di Ọjọ́bọ̀. Ẹ pe GP, dókítà àdúgbò yín, láàárọ̀ ọ̀la. Tí ọ̀rọ̀ bá yí padà lóru, 111 wà, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, bó bá sì le, 999. Ẹkún tó máa ń wá ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń pọ̀ jù. Ọjọ́ 22 ti kọjá ìyẹn. Ó lé ní ẹnì kan nínú abiyamọ mẹ́wàá tó ń ní ìsoríkọ́ ẹ̀yìn ìbímọ yìí níbí, ìyàwó yín kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ní ti gbígba ọmọ: bí àìsàn bá tilẹ̀ le débi pé a ó dá ìyá dúró, wọ́ọ̀dù wà tí wọ́n ti ń gba ìyá àti ọmọ pọ̀, nítorí pé a ò fẹ́ yà wọ́n. Oògùn náà wà tí a ń fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn.

Ohun kan sì wà. Tó bá ní "orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí mi", ẹ má kàn túmọ̀ rẹ̀ sí ibà. Mo ti rí ìyá tí wọ́n fi paracetamol rán lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ fi kún un pé ọkàn ló ń dà á láàmú.

Àbúrò Glasgow
Ẹ má sì túmọ̀ fún un fúnra yín! Èmi ṣe é. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀, "Things have been getting on top of me," ìyẹn ni pé nǹkan ń bò mí mọ́lẹ̀. Mo ní fún ìyàwó mi pé, "Ṣé àwọn nǹkan ti ń gun orí rẹ?" Ó fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ta ló rí iwin lórí òun. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Sheffield
😂 Ẹ bèèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn nǹkan kan sì wà tí ìyàwó kò ní sọ lójú ọkọ.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Ó dáa, mo gbà fún yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Peckham ni wọ́n ń gbé ni, ìyá àgbà mẹ́rin ì bá ti wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́, láìsí fọ́ọ̀mù kankan.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Peckham! Àwọn ìyá mẹ́rin tó máa bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wọ́mọ. Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. Àwa náà là ń kí ara wa pé ẹ kú ewu, a mọ̀ pé ewu ni. Tó bá wá di ọjọ́ kẹjọ, a ó ní kí ẹni tó la ewu kọjá wọ léèsì, kó jó.

Àǹtí Houston
Ẹ̀yin ará Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa dúpẹ́. Ìsinmi ọdún kan gbáko! Ọ̀sẹ̀ 12 ni tèmi, láìsí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n Houston ní oòrùn, kò sẹ́ni tó máa sunkún sínú òjò Manchester.

Àbúrò Glasgow
Ẹ ò tíì rí òjò. Ẹ wá sí Glasgow.

Àǹtí Houston
Ìyá mi ni mo fẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe oòrùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Ìbàdàn, mo máa ń jí gbọ́ omi tó ń hó kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá á fi tówẹ̀lì gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, á yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, á na apá ọmọ, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa kì í. Ẹ̀gbọ́n mi kàn máa ń jẹun, á sì sùn. Èmi nìkan ló wà nínú ilé mi pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án, mò ń wo màmá lórí fóònù, wọ́n ń fi ọwọ́ òfìfo júwe fún mi bí n ó ṣe gbé e.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Ẹ ti jẹ́ kí n rántí ìyá mi.

Bàbá Ìkókó, Leeds
Ẹ ṣé gan-an ni. N ó pe GP láàárọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Kí ni n ó sọ fún wọn? Ìyàwó mi tún jí báyìí, ó ń wo àjà.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ bá a jókòó, ẹ má bi í ní nǹkan kan. Mo ń bọ̀ ní Sátidé, mo ti wo àkókò ọkọ̀ ojú irin. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n mọ̀, ṣé ẹ ní báàfù, àbí ṣáwà nìkan?