Ṣé títẹ akọ ajá lọ́dàá máa mú gbogbo ìwà yìí kúrò?

Olówó-Ajá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Akọ ajá mi ti pé ọdún 2 àti oṣù 4, ó wọn kílò 28. Bí abo ajá kan bá ti ń wá akọ ládùúgbò, á fo ògiri, ó lè di ọjọ́ kejì kó tó dé. Ó ń tọ̀ sí ẹsẹ̀ àga àti ẹnu ọ̀nà, díẹ̀ díẹ̀. Bó bá rí akọ ajá míì, ìjà ni. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí àlejò bá na ọwọ́ sí i, á fà sẹ́yìn, á kùn, ó sì gé ẹnì kan jẹ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, pé gbogbo rẹ̀ á tán. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé á ṣì lè ṣọ́lé?

Olùkọ́-Ajá:
Ẹ kú ìfaradà. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa tán. Ohun tí iṣẹ́ abẹ yẹn ń mú kúrò ni testosterone, hòmóònù tí ẹpọ̀n ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìwà tí testosterone ń tì lẹ́yìn á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò dé ibi tí ẹ̀rù wà, kò sì dé ibi tí àṣà tó ti mọ́ ajá lára wà.

Fífo ògiri ló sábà máa ń dín kù jù, torí òórùn abo ló ń pè é. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: ṣé ó ń jáde lọ́sẹ̀ tí kò sí abo tó ń wá akọ nítòsí? Bó bá ń jáde, a jẹ́ pé àkìtàn tàbí àìríṣẹ́ṣe ló ń gbé e lọ, ògiri gíga àti ìrìn ojoojúmọ́ ni oògùn ìyẹn.

Ní ti ìtọ̀, ẹ wo bó ṣe ń tọ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀, tó fọ́n ín díẹ̀ sára ohun tó nàró, àmì ló ń fi sílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó dín kù. Bó bá da púpọ̀ sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ìtọ̀ ló kún inú rẹ̀ tàbí kó máa ṣàìsàn. Ọṣẹ tó ní enzyme, èròjà tó ń tú ìdọ̀tí ìtọ̀ ká, ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má lo ohun tó ní ammonia, kẹ́míkà kan tí òórùn rẹ̀ le, rárá, òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀, á tún pè é padà síbẹ̀.

Ìjà ńkọ́? Bó bá jẹ́ akọ tí wọn ò tíì tẹ̀ lọ́dàá nìkan ló ń bá jà, ó ṣeé ṣe kó dín kù. Bó bá ń bá abo àti ọmọ ajá jà pẹ̀lú, ẹ má fọkàn sí i.

Ti àlejò yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ajá tó fà sẹ́yìn kó tó kùn, ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí, ìrù tó wọ abẹ́, bó ṣe ń lá ètè láìsí oúnjẹ, àti funfun ojú tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Testosterone a máa fún ajá ní ìgboyà díẹ̀. Bí ẹ bá mú un kúrò lára ajá tó ń bẹ̀rù, ẹ̀rù náà lè pọ̀ sí i.

Dókítà-Ẹranko:
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kí n tó fi tèmi kún un: ẹni tí ajá gé jẹ yẹn, ṣé ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15? Bó fọ̀ ọ́ o, bí kò fọ̀ ọ́ o, kó lọ rí dókítà lónìí nítorí dìgbòlugi. Kí ẹ sì so ajá náà mọ́lẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ títí ọjọ́ 10 á fi pé láti ọjọ́ tó gé e jẹ.

Ìwádìí kan jáde ní 1997 lórí akọ ajá 57 tí wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Nínú ajá 10 tó ń rìn kiri, tó ń gun nǹkan tàbí tó ń tọ̀ káàkiri, ó kéré tán 6 ni ìwà náà fi ìdajì dín kù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ìbínú àti ìgéjẹ, kò tó 35 nínú ajá 100 tó yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ajá àti bí ìwà náà ṣe pẹ́ tó kò sì sọ èyí tó máa yí padà. Nítorí náà ẹni tó bá ní "ó ti dàgbà jù" kò tọ̀nà.

Fún ajá tí ìwà rẹ̀ dàpọ̀ báyìí, mo sábà máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Hóró oògùn kan wà tó ń jẹ́ deslorelin, kò ju hóró ìrẹsì lọ, abẹ́rẹ́ la fi ń tì í sábẹ́ awọ láàárín èjìká. Ti 4.7 mg máa ń ṣiṣẹ́ tó oṣù 6, lẹ́yìn náà testosterone á padà. Ibi tó ti máa ń dá àwọn èèyàn láàmú ni pé hòmóònù náà á kọ́kọ́ gòkè kó tó wálẹ̀. Ìwà lè burú sí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn kan á sì pariwo pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣèdájọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8.

Ìyá-Ajá-Méjì:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ṣíṣọ́lé. Kò ní lọ. Ẹpọ̀n kọ́ ló ń mú ajá gbó àjèjì. Ohun tó ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ ni oúnjẹ: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ebi á máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ kò nílò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá ń jẹ gíráàmù 400 lójúmọ́, ẹ dín in kù sí 320, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Fọwọ́ rọra tẹ ìhà rẹ̀: ó yẹ kí o mọ eegun lábẹ́ ìka láìfi agbára tẹ̀ ẹ́.

Olówó-Ajá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹni tó gé jẹ ti gba abẹ́rẹ́, mo sì ti so ajá. Ẹ̀yin Dókítà, mo fọwọ́ kan ẹpọ̀n rẹ̀ nísinsìnyí, hóró kan ṣoṣo ni mo bá.

Dókítà-Ẹranko:
Á, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Hóró kejì kò sọ̀ kalẹ̀, inú ikùn tàbí abẹ́ awọ itan ló wà. Bó ti pé ọdún 2, kò ní sọ̀ mọ́. Irú hóró bẹ́ẹ̀ máa ń tètè ní kókó jẹjẹrẹ, ó sì lè lọ́ pọ̀. Ẹ gbàgbé deslorelin, iṣẹ́ abẹ ni. Kí wọ́n ṣe sikáànì láti mọ ibi tó wà, kí ẹ sì sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé MÉJÈÈJÌ ni kó yọ. Bí wọ́n bá yọ èyí tó wà níta nìkan, èyí tó wà nínú kò ní lè pèsè àtọ̀, ṣùgbọ́n á ṣì máa da testosterone sínú ẹ̀jẹ̀. Ajá á máa fo ògiri lọ, ẹ ó sì máa rò pé iṣẹ́ abẹ ò jẹ́.

Kó má jẹun láti aago 10 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè mu omi títí di àárọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ike tó yí orí ká kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14, okùn kúkúrú ni kí ẹ fi mú un jáde, kò sí wíwẹ̀. Bó bá sáré tàbí fò, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú àpò ẹpọ̀n, kó wú bíi bọ́ọ̀lù. Wíwú tó ń pọ̀ sí i, omi tó ń rùn, tàbí ajá tí kò jẹun lẹ́yìn wákàtí 24: ẹ gbé e padà. Ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ abo fún ọ̀sẹ̀ 6, àtọ̀ ṣì lè kù nínú iṣan.

Testosterone á wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ìwà kì í yára bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un tó oṣù 6.

Olùkọ́-Ajá:
Ti àlejò, ẹ má dúró de iṣẹ́ abẹ. Ẹ ra ìdínu alápẹ̀rẹ̀ tó fi lè la ẹnu mí kó sì mu omi, kí ẹ fi ẹran kọ́ ọ láti máa ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wá ibi tó jìnnà tó débi pé ó rí àlejò, ó sì ṣì ń jẹ ẹran lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 3 sí 5, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Àlejò kò gbọ́dọ̀ wò ó lójú tàbí na ọwọ́ sí i. Bó bá kọ ẹran, ẹ ti sún mọ́ jù, ẹ padà sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má nà án nítorí pé ó kùn, torí ajá tí wọ́n bá nà títí tí kò fi kùn mọ́, á kàn géni jẹ láìkìlọ̀ ni. Kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn ṣáájú pé ajá náà ń bẹ̀rù àjèjì, kí wọ́n lè fún yín ní oògùn ìfarabalẹ̀ tó máa lò nílé kí ẹ tó gbé e wá.