Ẹ́ńjìnnì 12H-T nínú Land Cruiser HJ60: sítátà ló kù

Ẹ̀yin tó mọ Toyota àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́. HJ60 ni mo fi ń kó kòkó jáde láti oko wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ́ńjìnnì 2H rẹ̀ kì í lè gun òkè mọ́ bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́, pàápàá nínú ẹrẹ̀, ni mo bá ra 12H-T tòkunbọ̀ tó ní tọ́bò ní Ládípọ̀. Ó jókòó láìlo wẹ́dà, gíáàbọ́ọ̀sì náà gbà á. Inú mi dùn gan-an. Iná mànàmáná rẹ̀ ló dá wa dúró. Fóòtì (volt) 12 ni ọkọ̀ mi, sítátà ẹ́ńjìnnì yìí sì jẹ́ 24. Rẹwáyà wa so bátìrì méjì pọ̀ fún un, ó ta, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wáyà má baà jóná. Ṣé eyín sítátà 2H mi àtijọ́, tó jẹ́ fóòtì 12, máa bá flywheel 12H-T (irin róbótó tí sítátà máa ń yí kí ẹ́ńjìnnì tó ta) mu, àbí kí n pààrọ̀ flywheel pẹ̀lú?